Fáìlì tí ẹ kó sí D kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ṣáá, tó sì ń bí mi nínú nítorí òfò tó ń kó bá wọn: "Kò séwu, mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì mi sí D." Wọ́n gbà pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí Windows ń fi hàn, dísìkì kan lọ́tọ̀ ni, pé bí C bá kú, D á ṣẹ́kù.

Ọwọ́ MS-DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, tó jáde ní 1981, ni Windows ti jogún lẹ́tà wọ̀nyí; CP/M, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó dàgbà jù ú lọ, sì ti ń lò wọ́n ṣáájú. A àti B jẹ́ ti àwọn dísìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Nígbà tí dísìkì inú kọ̀ǹpútà dé, C ló bọ́ sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ara dísìkì ni lẹ́tà wà. Ìpín (partition), ìyẹn apá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín dísìkì sí, ni Windows ń fún ní lẹ́tà. Ẹ lè pín dísìkì kan ṣoṣo sí mẹ́ta, kí ẹ rí C, D àti E. Kódà, fódà lásán lè gba lẹ́tà. Ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ `subst X: C:\Users`. X á yọ láàárín àwọn dísìkì yòókù bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀: iye kan náà ni pẹ̀lú ti C. Bí ẹ bá tẹ `subst X: /D`, á pòórá, fáìlì kankan kò sì ní sọnù. Ṣé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló máa jẹ́rìí fún wa pé dísìkì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà?

Linux àti macOS (ti kọ̀ǹpútà Mac), àwọn ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kì í lo lẹ́tà. Abẹ́ gbòǹgbò kan, `/`, ni gbogbo nǹkan wà, dísìkì tí ẹ bá sì so mọ́ ọn á wọlé bíi fódà: abẹ́ /Volumes lórí Mac, abẹ́ /media tàbí /run/media lórí ọ̀pọ̀ Linux. Níbẹ̀, àṣìṣe náà yí padà: àwọn kan rò pé dísìkì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé /home, fódà tí fáìlì yín ń gbé lórí Linux, lè wà lórí dísìkì mìíràn pátápátá.

Mo mọ ìdí tí ìgbàgbọ́ pé D bọ́ lọ́wọ́ ewu kò fi kú. Ẹnìkan tún Windows fi sí kọ̀ǹpútà, C di òfìfo, D kò mira. Òótọ́ ni, ìpín wúlò fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá kú, tàbí tí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, C àti D jọ lọ ni.

N kò sọ pé D kì í jẹ́ dísìkì ọ̀tọ̀ láéláé. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ní SSD (irú dísìkì tó yára, tí kò ní ohun tó ń yí nínú) fún C àti dísìkì ńlá fún D. Ẹ ṣí Disk Management, irinṣẹ́ Windows tó ń fi dísìkì hàn, wò: bí C àti D bá wà lórí ìlà kan náà tí wọ́n kọ Disk 0 sí, dísìkì kan ni. Lórí Linux, àṣẹ `lsblk` á fi, fún àpẹẹrẹ, sda1 àti sda2 hàn lábẹ́ sda kan ṣoṣo. Lórí Mac, ẹ tẹ `diskutil list`, kí ẹ wá èyí tí wọ́n kọ physical sí, torí APFS, ọ̀nà tí Apple ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, máa ń to àwọn mìíràn tí kì í ṣe dísìkì gidi mọ́ ọn.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀, ẹ má fọkàn balẹ̀ jù. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti gbowó ìtúsílẹ̀ máa ń wọ gbogbo ibi tó bá lè kọ nǹkan sí, D náà ò yọ sílẹ̀. Dísìkì ìta tí ẹ yọ lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìdàkọ ló sàn. Bó bá jẹ́ FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì, ni wọ́n tò ó sí, kò ní gba fáìlì tó bá tó 4 GB, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó lórí rẹ̀. Kí ẹ sì ṣí díẹ̀ lára ẹ̀dà náà wò kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.