Ẹsẹ̀ Wíwú Lè Ti Inú Ẹ̀dọ̀fóró Wá

Tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá wú, kíá làwọn ará ilé á ti ní ó tẹ nǹkan. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó bá gbé ìyá wọn wá sí kílíníìkì ẹ̀dọ̀fóró wa ní Yábà, pàápàá àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Mákòkó. Wọn ò fa sìgá rí láyé wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sójú èéfín. Ikọ́ ti mọ́ wọn lára, wọn ò kà á sí àìsàn mọ́. Ẹsẹ̀ ló ń gbé wọn wá. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì pẹ́ kó tó padà. Agbo ti wọlé, àdúrà ti wọlé, oṣù bíi mélòó kan ti lọ.

"Dókítà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi dáa o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ní kẹ́míìsì ni." Òótọ́ ni ìyá ń sọ. Ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n lápá ni wọ́n ń wí; ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró lèmi ń wí.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Apá òsì ọkàn ló ń tì í lọ sí gbogbo ara, ìfúnpá ibẹ̀ la mọ̀ sí 120/80. Apá ọ̀tún ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, kó lọ gba ọ́síjìn. Ìfúnpá ti ibẹ̀ kéré púpọ̀: ìpíndọ́gba rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 14 lára ẹni tó dá ṣáṣá. Ní 2018, àwọn onímọ̀ fẹnu kò pé tó bá ti kọjá 20, kò dáa mọ́; 25 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sí bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ṣe lè rí i. Àyẹ̀wò ọkàn tí à ń pè ní ẹ́kò ló ń jẹ́ ká fojú bù ú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n gan-an á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan dé ọkàn. Werner Forssmann, dókítà ará Jámánì, ti irú rẹ̀ bọ inú ọkàn ara rẹ̀ ní 1929.

Kí ló wá ń gbé ìfúnpá yìí sókè? Ní 1946, Ulf von Euler àti Göran Liljestrand ní Sweden fún ológbò ní afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kéré, wọ́n sì rí i pé ìfúnpá inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ sókè. Níbòmíì nínú ara, tí ọ́síjìn bá wọ́n, ńṣe ni iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró máa ń súnkì ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: kó lè darí ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, lọ síbi tó dé. Tí wọ́n bá ti Third Mainland Bridge pa fún àtúnṣe, ọkọ̀ á gba Carter tàbí Èkó Bridge, a ṣì máa dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa lẹ́ẹ̀kan náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀hún á dé Ìkẹjà.

Ohun tí èéfín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe nìyẹn, àpá tí ikọ́ ife fi sílẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ibi gbogbo ló ń súnkì pọ̀. Apá ọ̀tún ọkàn á máa tì, á máa tì, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá rọ́ padà sẹ́yìn, ẹ̀dọ̀ á wú, omi á sì sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀. Tó bá pẹ́, ara iṣan náà á nípọn, kò sì ní í fẹ́ ṣí mọ́ bí ọ́síjìn tiẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí oṣù tí a fi ń wá ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ fún ìyá láti tẹ̀ fi máa ń dùn mí.

Èéfín nìkan kọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a pa tì lè ba apá òsì ọkàn jẹ́ kí ìfúnpá rọ́ padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ máa ń gbé nitric oxide mì, ìyẹn nǹkan tí ara fi ń jẹ́ kí iṣan ṣí.

Ní ti ìtọ́jú, ìwádìí kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ní 1981, àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀ lórí àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. Àwọn 42 ń gba ọ́síjìn ní wákàtí 15 lójúmọ́, òru wà nínú rẹ̀. Àwọn 45 kò gbà á. Láàárín ọdún márùn-ún, 19 kú nínú àwọn tó gbà á, 30 nínú àwọn tí kò gbà á. L'Ékòó níbí, iná ni ẹ̀rọ ọ́síjìn ń lò, àwọn ọmọ á sì gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ wíńdò ìyá kí ẹ̀rọ má baà kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà! Èéfín rẹ̀ ń padà sínú ẹ̀dọ̀fóró tí ẹ ń tọ́jú. Ẹ má sì jẹ́ kí iná ìdáná tàbí sìgá súnmọ́ ọ́síjìn.

Àwọn kan ti gbọ́ pé sildenafil, tí ọkùnrin ń rà bíi mánpáwà, ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2005 fún irú ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀dọ̀fóró tó bẹ̀rẹ̀ lára iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má rà á fún ẹni tí èéfín ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó lè ṣí iṣan níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, kí ẹ̀jẹ̀ kọjá láìrí ọ́síjìn gbà, kí mímí tún wá le sí i.

Tẹ́ ẹ bá dé kílíníìkì, ẹ sọ irú èéfín tí ìyá ń fà àti iye ọdún. Ẹ ní kí wọ́n wọn ọ́síjìn rẹ̀ lórí ìka, nígbà tó jókòó àti lẹ́yìn tó bá rìn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ó yẹ kó ṣe ẹ́kò. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tí mímí sì ṣàdédé le, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ lè ti ṣí lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru.