Kí Ẹlòmíràn Lè Gbọ́: Bí Rédíò Ṣe Wọ Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí èèyàn bá dé èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ ajé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ tìtì wọ ọkọ̀ CMS àti Falomo kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 má bàa há wọn mọ́nà, kò ní pẹ́ rí i pé fóònù ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń ṣe gbogbo ìpè wọn. Ẹ́ńjìnnì kú, fóònù. Epo ń tán lọ, fóònù. Èrò pọ̀ ní èbúté kejì, fóònù náà ni. Àmọ́ nínú àwọn ọkọ̀ kan, nítòsí ibi tí awakọ̀ ti ń tọ́ ọkọ̀, ẹ ó rí àpótí dúdú kékeré kan tí gbohùngbohùn so mọ́. Rédíò ọkọ̀ nìyẹn. VHF ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ẹlòmíràn á ní kí la tún ń fi í ṣe, ṣebí fóònù ti dé. Ẹni tó bá mọ ohun tó bí rédíò yìí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń wá, bí onítọ̀hún bá sì ń sùn, ó tán. Rédíò ń ké sí gbogbo ẹni tó wà nítòsí, yálà ẹ mọ̀ wọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ wọ́n.

Kó tó dé, ohùn, aṣọ àti iná ni olójú omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Lórí ọ̀sà wa, apẹja tí wàhálà bá bá á ju aṣọ sókè, á ké gbàjarè, ẹni tó bá gbọ́ á wa ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Lójú òkun, àsíá, àtùpà àti ìbọn àgbá ni àwọn òyìnbó ń lò. Kò sí èyí tó kọjá ibi tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti wọ agbami, ó di ìgbà tó bá gúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ní ọdún 1886, wáyà tẹlígíráàfù tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun dé Èkó láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní láti dúró de ọkọ̀ mọ́ kó tó dé etí ará Èkó. Síbẹ̀, ọkọ̀ ńlá tó bá dúró lẹ́yìn òkìtì yanrìn ẹnu ọ̀sà, tí èèyàn ń fojú rí kedere láti etíkun, wáyà yẹn kò wúlò fún un. Wáyà kì í tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sí agbami.

Àwọn onímọ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ìgbì kan wà tí kò nílò wáyà. James Clerk Maxwell, ará Scotland, fi ìṣirò sọ ọ́ ní àwọn ọdún 1860. Heinrich Hertz, ará Jámánì, sì fi ẹ̀rọ hàn án láàárín 1887 sí 1888. Ọmọ Ítálì kan, Guglielmo Marconi, ló wá sọ ọ́ di òwò. Ní 1895 ó ń gbìyànjú rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ nítòsí Bologna. Ní 1896 ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí owó àti ọkọ̀ òkun pọ̀ sí. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1897, ó ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti erékùṣù Flat Holm kọjá omi Bristol lọ sí etíkun Wales. Ọgbọ́n ọlọ́jà ló jẹ́ kó dojú kọ omi: orí ilẹ̀ ti ní wáyà tirẹ̀, ta ni yóò san owó kí wọ́n tún bá òun sọ ohun tí wáyà ń sọ? Òkun ni kò ní olùdíje.

Kì í ṣe ọkọ̀ arìnrìn-àjò ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, ọkọ̀ aláìrìn ni. Lẹ́bàá yanrìn Goodwin, níbi tí ọkọ̀ ti ń rì láti ayébáyé ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n so ọkọ̀ kan tó ń tan iná fún àwọn tó ń kọjá mọ́lẹ̀. East Goodwin ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1898 wọ́n fi ẹ̀rọ Marconi sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1899, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Elbe gun yanrìn náà. Àwọn tó wà nínú East Goodwin fi rédíò ké sí etíkun, ọkọ̀ aṣèrànwọ́ sì jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 28, ọkọ̀ míì tó ń jẹ́ R. F. Matthews wá kọlu East Goodwin fúnra rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ara rẹ̀ ni ọkọ̀ aláìrìn náà ń ké fún.

Ẹ má rò pé ohùn èèyàn ni wọ́n ń gbọ́ o. Ìró kúkúrú àti ìró gígùn ni, èyí tí a mọ̀ sí Mọ́ọ̀sì, tí iná tó ń ṣẹ́ ṣàá-ṣàá láàárín irin méjì ń gbé jáde. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í sábà ṣe atukọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Marconi ni, tí wọ́n yá fún ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà sì ní ìwà ọlọ́jà kan tí kò dáa: wọn kì í fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn dá ọkọ̀ tó ń lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló kó àwọn orílẹ̀-èdè jọ sí Berlin ní 1903, wọ́n sì tún padà síbẹ̀ ní 1906. Ìpàdé kejì yìí ló ní kí ibùdó etíkun máa gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ láìwo irú ẹ̀rọ tó ń lò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí SOS gẹ́gẹ́ bí àmì ìpè fún ìrànlọ́wọ́. Láti 1904 ni ilé-iṣẹ́ Marconi ti ń lo CQD ní tirẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1909, ọkọ̀ Republic àti Florida forí gbárí nínú kùrukùru nítòsí Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ rédíò Republic, Jack Binns, ń tẹ CQD títí ọkọ̀ míì fi rí wọn, àwọn tó lé ní 1,500 sì yè. Ayé yìn ín. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: gbé rédíò sínú ọkọ̀, ẹ̀mí á là.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Titanic fi hàn pé ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rọ rédíò tó lágbára gan-an ló wà nínú Titanic lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin 1912, òṣìṣẹ́ méjì ló sì ń gba ara wọn sílẹ̀ nídìí rẹ̀, Jack Phillips àti Harold Bride. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ìkíni àti ọ̀rọ̀ òwò àwọn olówó inú ọkọ̀ ránṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ọkọ̀ míì, Californian, ti dúró láàárín yìnyín níwájú. Cyril Evans, òṣìṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo tó ní, pe Titanic ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ láti sọ fún wọn pé yìnyín ti dá àwọn dúró. Ìpè náà dún kíkankíkan sí Phillips létí, ó sì ń da iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rú. Phillips ní kó dákẹ́, ọwọ́ òun dí. Evans tẹ́tí sí wọn díẹ̀ sí i, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ sùn. Kò rú òfin kankan, torí kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni jókòó ti rédíò lóru. Ní aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Titanic kọlu òkè yìnyín.

Ìpè jáde ní nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. CQD ni Phillips kọ́kọ́ ń tẹ̀, nígbà tó yá ó fi SOS kún un. Carpathia ló gbọ́, nǹkan bí kìlómítà 107 sí ibẹ̀. Harold Cottam, òun náà nìkan ló wà nídìí rédíò ọkọ̀ tirẹ̀, òun náà ti fẹ́ lọ sùn. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì yọ ohun tó fi ń gbọ́ rédíò kúrò létí ni. Carpathia sáré gba àárín yìnyín, ó dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ó kó àwọn tó lé ní 700. Nǹkan bí 1,500 ni omi gbé lọ. Californian sún mọ́ ibẹ̀ ju Carpathia lọ dáadáa.

Ní tèmi, ibí yìí ni rédíò ọkọ̀ tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé bàbá Marconi. Ohun tí Marconi ṣe ni ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Titanic ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ẹnì kan máa tẹ́tí. Amẹ́ríkà ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Ní oṣù kìíní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní SOLAS títí dòní. Ogun Àgbáyé kìíní kò jẹ́ kí ti 1914 yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò kú. Nígbà tó yá, aago ara ògiri yàrá rédíò ọkọ̀ wá ní ojú pupa ní ibi méjì: láti ìṣẹ́jú 15 sí 18, àti láti 45 sí 48, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ aago bá ti wọ inú pupa, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìgbì 500 kHz á dákẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á máa gbọ́ bóyá ẹnì kan ń fi ohùn tó rẹlẹ̀ ké fún ìrànlọ́wọ́. Mi ò mọ òfin tó dùn mọ́ mi tó yẹn.

Ohùn èèyàn dé nígbà tí ẹ̀rọ tó lè gbé e dé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé kejì ni VHF tàn kálẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìpàdé kan ní The Hague ní 1957 ló to àwọn ìkànnì rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè òkun Baltic àti Àríwá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìkànnì 16, tó wà lórí 156.8 MHz, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìpè àti ìrànlọ́wọ́. Gbogbo ọkọ̀ ló yẹ kó ṣí i sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tí ẹ fẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì tètè kó lọ sí ìkànnì míì, kí ẹ má dá ọjà sójú ọ̀nà.

VHF bá ọ̀sà wa mu. Bí ojú ṣe ń ríran ni ìgbì rẹ̀ ń rìn, tààrà, kì í tẹ̀ tẹ̀ lé ìyípo ayé. Ọ̀sà sì tẹ́jú. Gíga àńtẹ́nà ló ń pinnu ibi tó máa dé, ju agbára rédíò lọ. Ọkọ̀ méjì tí àńtẹ́nà wọn ga tó mítà mẹ́rin sójú omi lè gbọ́ ara wọn ní nǹkan bí kìlómítà 16. Ọkọ̀ fáìbà tó ń ti Ìpakodò tàbí Bayékù lọ kúrú, nítorí náà orí ìbòrí ọkọ̀ ni kí àńtẹ́nà wà, kó dúró ṣánṣán, kì í ṣe kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí èrò ń fara tì. Wáyà tó gbé e wá sídìí rédíò kò gbọdọ̀ ká kọ́rọ́. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, kí wọ́n fi téèpù tí omi ò lè wọ̀ dì í, torí omi oníyọ̀ ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, rédíò á ṣì máa tanná bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Láti orí bátìrì 12 fóòtì gan-an ni kí iná ti wá, kí fíúsì wà lórí wáyà pupa. Bí ọkọ̀ bá ní kọ́ńpáàsì, kí rédíò jìnnà sí i, torí òòfà tó wà nínú sípíkà máa ń ṣì í lọ́nà.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ bọ́tìnnì gbohùngbohùn kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lè gbọ́ èsì. Ibi tí àwọn tí fóònù ti mọ́ lára ti máa ń kùnà nìyẹn. Wáàtì kan tó fún ọkọ̀ tó wà nítòsí, wáàtì 25 ni fún ibi tó jìn tàbí fún ìṣòro. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu: ìkànnì 16, «Mayday» lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òkun, àmọ́ bí ọ̀pọ̀lọ ò bá gbé Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú ìpayà, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Lórí ọ̀sà yìí, ẹni tó lè tètè dé ọ̀dọ̀ yín máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1999 ni ètò tuntun fún ìpè ìrànlọ́wọ́ lójú òkun, tí wọ́n ń pè ní GMDSS, gbérasọ pátápátá, Mọ́ọ̀sì sì kúrò lára ohun tó jẹ́ dandan fún ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ tó ń rìn láàárín orílẹ̀-èdè ni òfin rẹ̀ dé, kì í ṣe ọkọ̀ Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wá ti wà nínú rédíò olówó pọ́ọ́kú báyìí: bọ́tìnnì pupa kan tó ní ìdérí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, rédíò á fi ìkànnì 70 ké sí gbogbo rédíò irú rẹ̀ tó wà nítòsí, àwọn náà á han gooro, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fetí sí wọn tẹ́lẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ GPS, á sọ ibi tí ọkọ̀ wà pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí Evans ì bá ṣe lóru ọjọ́ náà ni wọ́n kó fún ẹ̀rọ. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá ti tẹ MMSI, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ lórí rédíò, sínú rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ti Nàìjíríà máa ń fi 657 bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbé rédíò sínú ọkọ̀, kó béèrè nọ́ńbà yẹn kó tó sanwó fún ẹni tó bá a so àńtẹ́nà.