Bí A Ṣe Ń Gé Òkúta Iyebíye Aláwọ̀ Fẹ́ẹ́rẹ́ Kí Àwọ̀ Rẹ̀ Lè Yọ

Aquamarine tí búlúù rẹ̀ kò ju bíńtín lọ, morganite àti kunzite tí pínǹkì wọn rẹ̀, amethyst tí àwọ̀ àlùkò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú: irú òkúta wọ̀nyí ló máa ń já ẹni tó ń gé e kulẹ̀ jù. Àwọ̀ wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n bá gé e tán, wọn ò rí nǹkan kan mọ́. Àwọ̀ náà kò sá lọ. Ó lè jẹ́ pé ìhà tí àwọ̀ ti rẹ̀ ni wọ́n gbé sókè, ó sì lè jẹ́ pé ìdí òkúta náà kò dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Ìmọ́lẹ̀ á gba òkè wọlé, òkúta á gba díẹ̀ lára rẹ̀, ìyókù ló ń padà wá bá ojú wa ní àwọ̀. Bí ìrìn ìmọ́lẹ̀ nínú òkúta bá ṣe gùn tó ni àwọ̀ á ṣe rinlẹ̀ tó. Bu omi aró tó là sínú abọ́ pẹrẹsẹ, omi lásán ni wàá rí. Bu ú sínú ìgò gíga kí o wò ó láti ẹnu ìgò, àwọ̀ á yọ. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí a máa fọ́ òkúta aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹyọ kan tó tóbi sàn ju mẹ́rin tí kò ní àwọ̀.

Kí a tó tan ẹ̀rọ rárá, ìhà tí a óò gbé sókè ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òkúta yìí kì í ní àwọ̀ kan náà láti gbogbo ìhà. Bí o bá wo aquamarine láti ẹ̀gbẹ́, búlúù rẹ̀ máa ń hàn dáadáa. Bí o bá wò ó láti ìparí òró rẹ̀, ìyẹn ìlà gígùn tí òkúta náà gbà hù, ó máa ń rẹ̀, tàbí kó fà sí àwọ̀ ewé. Nítorí náà, ojú ńlá tó wà lókè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé gígùn òkúta. Kunzite yàtọ̀ pátápátá: láti ìparí òró ni pínǹkì rẹ̀ ti rinlẹ̀ jù, nítorí náà a ó dá ojú ńlá náà ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tourmaline tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ àti sapphire tó rẹ̀. Gígé e báyìí máa ń jẹ ìwọ̀n òkúta, pàápàá tourmaline tó máa ń gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá tìtorí ìwọ̀n fi ìhà àwọ̀ sílẹ̀, òkúta tó wúwo tí kò ní ẹwà lo máa rí.

Bí omi odò bá ti fọ gbogbo ojú òkúta náà, tí o ò mọ òró rẹ̀ mọ́, gbé e sínú ife omi lórí bébà funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, kí o máa yí i. Gíláàsì ojú oòrùn tó jẹ́ polarized, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìhà kan ṣoṣo kọjá, náà wúlò. Mú un síwájú òkúta, kí o máa yí gíláàsì náà. Ní ìhà púpọ̀, àwọ̀ á máa yí padà bó ṣe ń yí. Ìhà tí àwọ̀ ò ti yí padà rárá, òró gan-an nìyẹn fún aquamarine, tourmaline àti sapphire.

Inú omi yìí náà la ti ń rí àwọ̀ tó tò ní ìlà ìlà, èyí tó wọ́pọ̀ nínú amethyst àti sapphire. Ibi tí àwọ̀ bá ti pọ̀ jù, ṣóńṣó ìdí òkúta ni kí o fi í sí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà níbẹ̀ á gbé àwọ̀ náà ká gbogbo orí. Bí o bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa hàn bí àbàwọ́n. Bí ìlà náà bá sì nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá rí i kedere. Jẹ́ kó sùn gbalaja lábẹ́ ojú ńlá.

Ó wá ku igun ìdí òkúta, ìyẹn bí àwọn ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe dagun tó, níbi tí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń ṣẹlẹ̀. Irú òkúta kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀: bí igun ìdí bá kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ á jò gba ìsàlẹ̀ lọ. Ti quartz, tí amethyst jẹ́ ọ̀kan lára rẹ̀, tó nǹkan bíi dígírì 40.5, ti aquamarine àti morganite, 39, topaz, 38, kunzite, 37, sapphire, 34.5. Má ṣe dúró sórí ààlà, nítorí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yí ọwọ́ díẹ̀ báyìí, àárín òkúta á là gbayawu. Fi bíi dígírì 2 sí 3 lé e, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún sapphire. Lórí quartz àti aquamarine, 42 sí 43 ni mo fọkàn tán. Lórí topaz, 41. Lórí kunzite àti sapphire, 40.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí ìdí òkúta ṣáà jìn ni. Bí igun kò bá tọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní padà wá. Èyí tó ta padà láti ìdí ló ń rin òkúta já lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni àwọ̀ ti ń wá. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbé òkúta sórí ìwé ìròyìn: bí o bá lè ka lẹ́tà gba ojú ńlá, ó ń jò.

Jẹ́ kí igun orí wà láàárín 35 sí 40, má sì jẹ́ kí ojú ńlá fẹ̀ ju nǹkan bíi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú òkúta. Gígé alátẹ̀gùn dára fún òkúta tó dúdú. Lórí èyí tó rẹ̀, ojú gbọọrọ rẹ̀ máa ń tú gbogbo àléébù síta. Bí o bá fẹ́ràn ìrísí yẹn, fi àtẹ̀gùn sórí, kí o gé ìdí rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bíi ti dáyámọ́ǹdì. Lórí òkúta tó kéré sí mìlímítà 8, má ṣe to ojú púpọ̀ jọ.

A ó fi àwo ìlọ̀ 600 gbé ìrísí jáde (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni àwo ṣe kúnná tó), 1200 á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 3000, ká tó dán an. Jẹ́ kí omi máa kán sórí àwo nígbà gbogbo, nítorí eruku quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Má yára kúrò lórí 1200: ihò kéékèèké tó bá kù máa ń funfun, á sì bo ìwọ̀nba àwọ̀ tó wà. Ìyẹ̀fun cerium oxide ń dán quartz àti aquamarine dáadáa. Ìyẹ̀fun dáyámọ́ǹdì 50,000 ni fún topaz àti sapphire. Topaz máa ń là sí méjì ní ìbú, nítorí náà dẹ ojú ńlá rẹ̀ ní dígírì 5 sí 10 kúrò ní ojú ibi tó ń là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní dán láé. Kunzite ń là ní ọ̀nà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òró rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ooru dé bá a lójijì. Gúlúù epoxy ni kí o fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá tó ń dì í mú nígbà tí a bá ń gé e, má fi ìda gbígbóná.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é sínú òrùka, ọ̀rá ara àti ọṣẹ á máa dì mọ́ ìdí rẹ̀, ìdí tó bá sì lọ́ràá kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bó ṣe yẹ. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ti kunzite, má ṣe fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, nítorí oòrùn máa ń ṣá àwọ̀ rẹ̀.