Bí ilé ńlá Dodington ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́

Òjò kì í pa àlejò ní Dodington. Níwájú ilé náà, tó wà ní Gloucestershire ní Ìlú Ọba, òpó gàgàrà mẹ́fà tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lórí ló gbé òrùlé àbáwọlé ró. Àyè tó wà láàárín òpó àti ògiri gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dáadáa. Kẹ̀kẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, àlejò á sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta gbígbẹ, kẹ̀kẹ́ á sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Bí wọ́n ṣe ń tú ẹṣin àti bí wọ́n ṣe ń fọ ẹrẹ̀ dànù, àlejò ò ní rí i.

James Wyatt ló yàwòrán ilé yìí fún Christopher Bethell Codrington. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1796, ó sì wọ àkókò Adelé, ìyẹn 1811 sí 1820, tí àìsàn dá Ọba George Kẹta dùbúlẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń delé fún un. Lọ́dún 1813, Wyatt àti Codrington jọ ń bọ̀ láti Dodington nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọn dojú dé. Wyatt kú níbẹ̀.

Láti ara ilé, ilé onígíláàsì kan tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun títí dé ṣọ́ọ̀ṣì tí Wyatt kọ́ síbẹ̀, tó rí bí àgbélébùú tí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ìdílé náà lè gba àárín òdòdó lọ jọ́sìn láìfẹsẹ̀ kan ìta. Nínú irú ilé onígíláàsì bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná tó ń mú kó móoru. Ẹni tó ń koná náà ò hàn síta.

Bákan náà ni agogo inú àwọn ilé ńlá ìgbà yẹn. Okùn kan á rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yáná. Bí ọ̀gá bá fà á, wáyà tín-ín-rín tó gba inú ògiri á fa agogo kan lọ́dọ̀ àwọn ìránṣẹ́. Ara irin pẹlẹbẹ tó ń ta ni agogo so mọ́, nítorí náà ó ṣì máa ń mì lẹ́yìn tí ìró rẹ̀ bá ti dákẹ́. Ìránṣẹ́ tó bá sáré dé á wo ọ̀wọ́ agogo náà, èyí tó bá ń mì ló máa sọ yàrá tí wọ́n ti ń pè é.

Iṣẹ́ ilé yìnyín ló gba ọgbọ́n jù. Wọ́n á gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n á fi bíríkì tẹ́ ẹ nínú kó rí bí ẹyin tí ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì kó yẹ̀pẹ̀ lé òrùlé rẹ̀. Nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ á fọ́ yìnyín lójú adágún, wọ́n á rún un, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ pinpin, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó. Omi tó bá yọ́ ni ọ̀tá, torí òun ló ń gbé ooru dé ara yìnyín. Ojú ìṣàn tó wà nísàlẹ̀ kòtò á gbé e jáde. Nínú ooru, yìnyín oṣù kìíní ṣì máa ń wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n ilé tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ilé tó yí Dodington ká, òkun ló wà láàárín wọn. Betty's Hope ni, oko ìrèké tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Codrington lọ́dún 1674 ní Antigua, erékùṣù kan ní Káríbíánì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ṣẹrú ló ń gé ìrèké níbẹ̀. Ìrèké tí wọ́n bá gé kì í pẹ́ kan, kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sínú ọlọ tí atẹ́gùn ń yí, kí wọ́n sì se omi rẹ̀ di ṣúgà. Nígbà ìkórè, iṣẹ́ náà kì í dá lóru. Irin tí wọ́n ń dì mú lórí àtẹ̀gùn Dodington pàápàá, Fonthill, ilé ńlá mìíràn ní Ìlú Ọba, ni wọ́n ti gbé e wá, owó ṣúgà Jàmáíkà sì ni Beckford tó ni ín fi kọ́ ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ lọ́dún 1834, 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Codrington gba tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Ilé gogoro olókùúta méjì, tí wọ́n fi ń fún ìrèké, ṣì dúró ní Betty's Hope dòní.