Èjìká Ni Kí Ẹ Fi Yan Háńdù Kẹ̀kẹ́

Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí à ń rí rà ní Àkúrẹ́, àwọn tí háńdù wọn ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ló fi háńdù yẹn gùn ún. Bí ẹ bá wá gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìdànrè, tí ọwọ́ kú, tí ọrùn le gan-an, kì í ṣe pé ara yín kò le. Aṣọ aláṣọ lẹ wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjókòó ná kí ẹ tó náwó. Bí imú ìjókòó bá dorí kodò, ara á máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ á sì máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ yá lẹ́fẹ̀ẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà, kí ẹ gbé e lé ìjókòó láti imú dé ìdí. Bí kò bá tẹ́jú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìka tó ń kú náà máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ọmọdinrin àti ìka tó tẹ̀ lé e, háńdù ń tẹ iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kọjá. Bó bá jẹ́ àtàńpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín, iṣan tó gba àárín ọrùn ọwọ́ ló ń jìyà, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ tẹ̀ níbi tí ẹ ti di orí bíréèkì mú, èyíinì ni ara bíréèkì tí ọwọ́ ń dì mú lórí háńdù. Nígbà náà, ẹ tú háńdù díẹ̀, kí ẹ yí i títí ẹ̀yìn ọwọ́ yóò fi bá apá lọ tààrà.

Ìbú ni mo kà sí jù. Téèpù aránṣọ tó fún un, àmọ́ kì í ṣe bí télọ̀ ṣe ń wọn èjìká bùbá, torí télọ̀ á fi ẹran apá kún un. Ẹ fi ìka wá egungun tó yọ gọngọ lókè èjìká, níbi tí apá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láti egungun ọ̀tún dé ti òsì, kí téèpù má tẹ̀ lé ẹ̀yìn tó yípo. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, háńdù 40 ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Láti 38 dé 44 ló wọ́pọ̀, méjì-méjì ni wọ́n sì fi ń ju ara wọn lọ.

Àwọn kan tó ń ṣe é ń wọ̀n ọ́n láti àárín irin dé àárín irin, àwọn mìíràn láti etí ìta dé etí ìta. Nítorí náà, háńdù kan ṣoṣo lè jẹ́ 40 lọ́dọ̀ ẹnìkan, kó jẹ́ 42 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi téèpù yín wọ̀n ọ́n, níbi tí orí bíréèkì ń jókòó sí. Èyí tó bá fẹ̀ jù á ya apá, gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí á dé ọrùn. Èyí tó bá há jù, táyà iwájú kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá wà láàárín méjì, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ mú fún títì tiwa.

Lẹ́yìn ìbú, ẹ wo bó ṣe nà síwájú àti bó ṣe jìn wálẹ̀. Èyí tó nà ní mìlímítà 70 sí 80, tó sì jìn tó 120 sí 125, ló máa ń rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Èyí tó jìn tó 140 kò dára fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀, torí ìsàlẹ̀ yẹn ni ọwọ́ ti ń rí bíréèkì fà dáadáa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí apá bá ṣì ń nà jù, sítẹ́ẹ̀mù, irin kékeré tó di háńdù mú, ni kí ẹ pààrọ̀ sí èyí tó fi mìlímítà 10 kúrú sí i. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé háńdù gbọọrọ sí i, ẹ mọ̀ pé mìlímítà 22.2 ni ibi ìdìmú rẹ̀, ti oníwo àgbò jẹ́ 23.8. Orí bíréèkì ti ọ̀kan kò ní wọ èkejì, owó ńlá nìyẹn.

Ibi tí sítẹ́ẹ̀mù ti di háńdù mú pàápàá yàtọ̀ síra. Tòde òní jẹ́ mìlímítà 31.8, tàtijọ́ jẹ́ 26.0 tàbí 25.4. Ẹ fi òwú yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọn òwú náà: bó bá sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 10, 31.8 ni, bó bá jẹ́ bíi 8, tàtijọ́ ni, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ léèdì fi kálípà yà á sọ́tọ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé agolo mílíìkì fi há a. Yóò yí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fa bíréèkì lójijì.

Ní ti háńdù tòkunbọ̀, ẹ ní kí olùtà tú téèpù tí wọ́n fi wé e lára. Bó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Òógùn máa ń jẹ álúmíníọ̀mù lábẹ́ téèpù, á wá hu bí ẹfun. Ẹ nu ún, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ sítẹ́ẹ̀mù àti abẹ́ orí bíréèkì: bí ẹ bá rí ìlà tó rí bí irun, tí èékánná ń kọ́ níbẹ̀, ó ti sán nìyẹn. Kò sí wẹ́dà tó lè tún un ṣe kó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má ra ti káábọ̀ọ̀nù ní tòkunbọ̀ rárá, torí ó lè ti fọ́ nínú kí ìta ṣì máa dán.

Bí ẹ bá ń dì í, ẹ fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara sítẹ́ẹ̀mù díẹ̀díẹ̀ ní ìdábùú, kí àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ìwọ̀n fífún sábà máa ń wà lára sítẹ́ẹ̀mù, 5 Nm ló wọ́pọ̀. Láti ìdí ni kí ẹ ti máa yí téèpù lọ sókè, kí ọwọ́ má baà máa ká etí rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 á gba díẹ̀ nínú gbígbọ̀n títì. Kí ẹ sì dí ẹnu irin méjèèjì ní ìdí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, ẹnu irin tó là sílẹ̀ á gé ẹran ara bí ìgbà tí wọ́n fi agolo gé ìyẹ̀fun pípò.