Òkúta Tó Ṣẹ́kù Sínú Ọ̀nà Òróòro Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tí a ti yọ àpò òróòro rẹ̀ nítorí òkúta ló gbà pé ọ̀rọ̀ òkúta ti parí nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè òróòro, àpò kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, ọ̀nà tóóró kan ló sì ń gbé e lọ sínú ìfun. Bí òkúta kékeré kan bá ti yọ́ bọ́ sínú ọ̀nà yìí kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó bá hàn láàárín ọdún 2 ni a sábà máa ń kà sí àṣẹ́kù. Èyí tó bá yọjú lẹ́yìn náà, a máa ń kà á sí tuntun.

Nígbà tó bá dí ọ̀nà, ikùn á máa ro ẹni lókè lápá ọ̀tún, ẹyinjú á di àwọ̀ ìyeyè, ara á máa yún, ìgbẹ́ á funfun, ìtọ̀ á sì dúdú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọn yóò pè é, ìdílé á sì gba ọjà lọ láti ra àgbo. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo, ṣùgbọ́n kò sí àgbo tó ń yọ òkúta kúrò nínú ọ̀nà òróòro. Bí ibà àti òtútù tó ń gbọn ènìyàn bá wá dà pọ̀ mọ́ ojú tó pọ́n yìí, kòkòrò àrùn ti wọ inú òróòro tó sé mọ́bẹ̀ nìyẹn; ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé-ìwòsàn.

Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọkàn mi máa ń wà lọ́dọ̀ wọn jù. Ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń tètè bàjẹ́ ló ń sọ òróòro wọn di òkúta, ojú wọn sì ti máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí náà ará ilé lè má fura rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi hàn bóyá bilirubin, èròjà tó ń sọ ojú di àwọ̀ ìyeyè, tó pọ̀ náà wá láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ tàbí láti inú ọ̀nà tó dí.

Skáànì ikùn ló máa ń tẹ̀ lé e. Ó lè fi hàn pé ọ̀nà ti fẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun sábà máa ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, ibi tí òkúta ti ń há gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé tó sọ pé "a kò rí òkúta" fi yín lọ́kàn balẹ̀ bí ojú bá ṣì ń pọ́n sí i. MRCP, tí ó ń fi òòfà ya àwòrán ọ̀nà náà láìsí abẹ, ló máa ń là á yé wa.

Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti fi ọ̀pá rọ́bà sílẹ̀ nínú ọ̀nà náà, ẹ má ṣe fà á yọ. Bí àwòrán tí a gba inú rẹ̀ yà bá fi òkúta hàn, a óò fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ojú ihò rẹ̀ lè le, ibẹ̀ náà ni a óò sì gbà yọ òkúta. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀pá, ERCP ni: a máa ń gba ẹnu ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà wọ inú ìfun, a ó gé ẹnu ọ̀nà òróòro díẹ̀, a ó sì fa òkúta jáde. Ọdún 1974 ni àwọn dókítà ní Jámánì àti Jàpáánì kọ́kọ́ ròyìn irú gígé bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí a tún la ikùn lọ, bí ó tilẹ̀ lè mú kí pancreas, ẹ̀yà ara tó wà nítòsí ọ̀nà òróòro, wú, kí ó sì máa ro ènìyàn gidigidi, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ya. Ọ̀nà tó dí kì í jẹ́ kí ara gba fítámì K tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ ERCP, nítorí náà a lè kọ̀wé rán aláìsàn láti Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ dání, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì.