Ẹ Yé Pè É Ní Férémù

Mo fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ síbì kan láìpẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ibi tí mo ti kọ “ìkọjú-fèrèsé” ni wọ́n ti fi “ìfírémù” rọ́pò. Ìfírémù! Ó dà bí orúkọ oògùn ibà.

Framing, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onímọ̀ ìròyìn ń lò, la jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún. Robert Entman, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti là á sílẹ̀ láti 1993: kí èèyàn mú apá kan nínú ọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kó hàn ju ìyókù lọ. Kò sọ pé ẹni bẹ́ẹ̀ purọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń pè é ní “ìtànjẹ”. Àwọn tó ní “ìgbékalẹ̀” sàn díẹ̀, àmọ́ ìgbékalẹ̀ wà fún oníwàásù, ó wà fún ẹni tó ń to tòmátì sórí àtẹ. Ó fẹ̀ jù.

Férémù gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù oníférémù wò. Ẹ ó bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń wọn igi, tó ń nu gíláàsì, tó ń fi ìṣó wẹ́wẹ́ kan páálí mọ́ ẹ̀yìn fọ́tò. Fọ́tò ti parí kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá inú fọ́tò ti jókòó, ó ti mú ìrùkẹ̀rẹ̀ dání, kò sì sí igi tí ọmọ yẹn lè kàn tó máa gba ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ “férémù” á rò pé odidi ìròyìn ti wà nílẹ̀, pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni oníròyìn wá fi yí i ká.

Fèrèsé ò rí bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ti yọ ojú rẹ̀ kí ògiri tó ga. Bó bá kọjú rẹ̀ sí títì, àlejò tó sùn sí yàrá yẹn á jí rí àwọn ọmọ iléèwé nínú yunifọ́ọ̀mù, á ní àdúgbò yìí mà mọ́ o. Bó bá kọjú rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ààtàn ló máa kọ́kọ́ rí, àti ewúrẹ́ tó ń tú u. Àdúgbò kan náà ni. Fèrèsé méjèèjì ò purọ́. Ògiri ló gbé ìyókù pamọ́.

Àwòrán kan wà tí mo máa ń fi han àwọn tó bá ń bá mi jiyàn. Ní January 2020, ní Davos ní Switzerland, ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òkè oníyìnyín wà lẹ́yìn wọn. Greta Thunberg wà nínú wọn. Vanessa Nakate, ọmọ Uganda, ló wà ní ìkángun lápá òsì, òun nìkan sì ni adúláwọ̀ láàárín wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press gbé fọ́tò náà jáde, mẹ́rin ló kù. Wọ́n ti gé Nakate dànù. Wọ́n kọ́kọ́ ní ilé kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ba àwòrán jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n tọrọ àforíjì.

Kò sí irọ́ nínú fọ́tò ẹlẹ́ni mẹ́rin yẹn o. Wọ́n dúró síbẹ̀ lóòótọ́, yìnyín náà kì í ṣe ayédèrú. Àmọ́ ẹni tí kò rí odidi rẹ̀ á gbà pé ìjà àwọn ọmọ òyìnbó nìkan ni. Wọ́n kọjú fèrèsé sí Yúróòpù, Áfíríkà bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ẹ wá gbé e lọ fún ọmọ oníférémù wa, kó kàn án dáadáa. Ṣé Nakate á padà wálé?

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé gígé etí fọ́tò yàtọ̀ sí framing. Ó dáa, mo gbọ́. Òmíràn ní “ìkọjú-fèrèsé” ti gùn jù. Ẹ bi ìyá mi, tí kò wọ kíláàsì rí, pé “Ibo ni wọ́n kọjú fèrèsé ìròyìn yìí sí?” Á dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé báwo ni wọ́n ṣe fírémù ìròyìn, ẹ ó rí i tó máa gbójú sókè wo ògiri pálọ̀.